Ariwo inú gíà Alhaja

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Mọ̀gáríbì



Alhaja tó ń ta ẹran ní Oko Ọba gbé mọ́tò wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sàn-án. Èmi ni mo yọ gíà ọtọmátíìkì rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí mo fi mánúà sí i. Wọ́n ní ó ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í ké láàárọ̀.

Mo fi ẹnu súkúdíráfà kan gíà náà, mo gbé etí lé èèkù rẹ̀ láti gbọ́ inú gíà. Ó ń dún bí ẹni ń rún òkúta lẹ́nu. Mo ní kí Alhaja tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ariwo náà dákẹ́. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kúrò, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo tú nọ́ọ̀tì ibi tí a ń rọ ọ́ìlì sí, mo ki ìka bọ̀ ọ́. Kò sí ọ́ìlì, lúbúlúbú irin nìkan ló bá a jáde.

Ọjọ́ Jímọ̀ tí mo gbé gíà yẹn wọlé, wọ́n ti ń pe ìrun, mo ní tí mo bá ti mọ́sálásí dé ni màá rọ ọ́ìlì. Mo gbàgbé.

“Ọmọ mi, ṣé ó lè gbé èmi àtàwọn ọmọ-ọmọ mi dé Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́la?”

“Rárá o, ìyá. Ó lè há lórí eré.” Mi ò sọ fún wọn pé èmi ni mi ò rọ ọ́ìlì sí i.

Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè: “Ìwọ lo kó wa yọ lónìí. Ọlọ́run á kó ìwọ náà yọ.”

Mo ṣe àmín.