Kòtò Baba Àjàgbé Ti Kún

Moróunkẹ́ ọmọ mi tó wà ní Agbowó,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ò ń jẹun kánú? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí Ìbàdàn gbé ọ mì. Ìyá rẹ ń kí ọ. Ewúrẹ́ rẹ bí ìbejì, wọ́n sì ti ń jẹ ẹ̀fọ́ ìyá rẹ.

Ẹkún tí o sun lórí fóònù dùn mí dé egungun, tí o ní mo ti ba iṣẹ́ ìwé rẹ jẹ́, pé ọ̀gá rẹ, Dókítà Adésànyà, kò ní fún ọ ní máàkì. Jẹ́ kí n ro ẹjọ́ tèmi.

Nígbà tó kó yín wá walẹ̀ lẹ́yìnkùlé wa, mo rò pé wúrà lẹ ń wá, àṣé kòtò tí Baba Àjàgbé, baba ńlá wa, gbẹ́ láyé ijọ́un ni. Ẹ ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a bí ẹni ń fọ eyín fún arúgbó. Ọ̀gá rẹ ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá omi òjò ni wọ́n ń gbà sí i de ọ̀gbẹlẹ̀ tàbí iṣu ni wọ́n ń kó sí i. Ó wá na fóònù sókè, ó ní fóònù náà ń bá nǹkan kan sọ̀rọ̀ lójú ọ̀run kó lè sọ ibi tí kòtò wà gan-an. Mo ní nígbà tó ti débẹ̀, kó bá wa tọrọ òjò, torí kànga ti gbẹ. Ó kàn rẹ́rìn-ín ni. Ẹ fi tapólì bo kòtò, ẹ lọ.

Ní ọjọ́ kẹta, òjò dé. Fóònù yẹn mà jíṣẹ́ o! Òjò tí a ránṣẹ́ pè, ta ni í fi tapólì lé e padà? Mo ká a kúrò, mo sì fi páànù darí omi òrùlé sínú kòtò.

Ó kún dẹ́múdẹ́mú. Ìyá rẹ tó ń rin wákàtí kan lọ sódò jókòó tì í, ó ní, "Ẹ̀yìnkùlé mi ni mo ti ń pọnmi." Lálaalẹ́ ni mo ń fi èédú sàmì ojú omi sára igi tí mo rì mọ́ inú kòtò, bí ilẹ̀ bá mọ́, omi ṣì wà lójú àmì. Ọjọ́ mẹ́sàn-án rèé. Mo ti fi igi náà rán awakọ̀ Abdulmojeed, lọ gbà á ní Òjòó. Gbé e fún ọ̀gá rẹ, sọ pé ohun tó bi ilẹ̀ léèrè, ilẹ̀ ti dáhùn: omi ni, kì í ṣe iṣu.

Jọ̀ọ́, fi owó okùn àti korobá ránṣẹ́. Korobá wa ń jò, kòtò Baba Àjàgbé ò jò.

Omi ayé rẹ kò ní gbẹ láé.

Èmi ni baba rẹ, Ọládàpọ̀, ẹni tó ká tapólì.