Nítorí Ọ̀kadà Orí Yìnyín Tí O Fẹ́ Lọ Gùn

Agbo Ilé Oyèlárán,
Ìpàpó.

Súnkànmí, Àkànní, ọkọ mi,

O kú òtútù ọ̀hún o. O kú iṣẹ́, o kú ìtọ́jú àwọn arúgbó, o sì kú ìbínú. Mo fi ti ìbínú kún un nítorí ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí mo ti ń pè ọ́ tí o kò gbé e, á sì ti máa rẹ̀ ọ́. Ọlọ́run tó mú ọ sọdá òkun láìrì kò ní jẹ́ kí o rì sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Dáadáa ni gbogbo wa wà nílé, iṣu ti wọlé, ewúrẹ́ abilà yẹn ti bí ìbejì, ẹ̀rọ ìlọta mi nìkan ni ara rẹ̀ kò yá, bẹ́líìtì rẹ̀ já lẹ́ẹ̀mejì lóṣù yìí, rọ́bà ni mo fi so ó, gbogbo ẹni tó bá sì gbé ata wá ló ń bi mí bóyá mo ti ta ẹ̀rọ.

Motúnráyọ̀ ọmọ Ìyá Ìjọ ni mo fi ìwé yìí rán, ẹni tí ẹ jọ ń gbé Parkchester ní Bronx, l'Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún. Nọ́ọ̀sì lòun náà, òun náà ń san rẹ́ǹtì, síbẹ̀ ó rí ọ̀nà wá kí ìyá rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣùgbọ́n mi ò bá ẹnikẹ́ni wí o. Mo kọ ọ́ sínú ìwé nítorí o lè pa fóònù, ṣùgbọ́n o kò lè pa Motúnráyọ̀ tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp, ìṣẹ́jú mẹ́rin àtààbọ̀ gbáko. O ní mo dójú tì ọ́ lójú Dámi àti Ọlá ọ̀rẹ́ rẹ, o ní àwọn tó fẹ́ háyà ọ̀kadà fún yín ti dá orúkọ rẹ dúró nítorí tèmi. Ẹ má bínú, ọ̀gá mi. Ẹ forí jì mí. Ṣé o rí i pé mo ti ń fi ẹ bá ọ sọ̀rọ̀? Ẹni tó lè kó owó sílẹ̀ kí òtútù lè rí i mú ti kúrò lẹ́gbẹ́ mi, kí ni èmi ará oko mọ̀?

Jẹ́ kí n tún un sọ bóyá èmi ni kò gbọ́ ọ yé. O ní ẹ̀yin mẹ́ta ń lọ sórí òkè kan tó jìnnà sí Bronx ní ìrìn wákàtí márùn-ún, níbi tí yìnyín ti máa ń ga tó àyà géńdé ọkùnrin. Ẹ kò ní í sá fún un, ẹ kò ní í gbá a kúrò lọ́nà, inú rẹ̀ gan-an lẹ fẹ́ wọ̀, lórí ọ̀kadà tí kò ní táyà, tó jẹ́ pé pátákó méjì ló wà níwájú rẹ̀ tí bẹ́líìtì ńlá kan sì wà lẹ́yìn. Mo wo fọ́tò rẹ̀ dáadáa. Kí n má purọ́, bẹ́líìtì yẹn wù mí. Lazarus, tíṣà ilé ìwé Mẹ́tọ́díìsì tó máa ń bá mi ka òyìnbó, ní yìnyín tó bá jìn tó sì fúyẹ́ bẹ́ẹ̀, pàúdà ni wọ́n ń pè é. Mo ní pàúdà kẹ̀? Pàúdà tí mò ń wọ́n sí ọ lọ́rùn nígbà ooru ni ọmọ mi ń sanwó kó lè rì sí? O tún wá fi kún un pé kò sí ẹni tó gùn ún rí nínú ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, o sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín, bí ẹni pé ìyẹn ló yẹ kó fi mí lọ́kàn balẹ̀.

Ti ètò owó yín, mo kan sáárá sí yín. Ọkọ̀ Ọlá lẹ máa wọ̀, yàrá kan lẹ máa gbà, ẹnì kan á sùn nílẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lẹ máa lọ nítorí owó rẹ̀ máa ń lé lópin ọ̀sẹ̀. Ìrẹsì àti ata díndín lẹ máa kó sínú kúlà láti ilé, ọ̀kadà kan ṣoṣo lẹ máa háyà tí ẹ ó máa gbà gùn lọ́wọ́ ara yín, aṣọ òtútù rẹ, òkìrìkà lo rà á lọ́wọ́ obìnrin kan ní Flatbush. Súnkànmí! Ìwọ tó fi odindi ọjọ́ Kérésìmesì sunkún nítorí mo ra ṣòkòtò òkìrìkà fún ọ! Háà, ayé ń yí o. Tíkẹ́ẹ̀tì wálé ló ti wọ́n láti ọdún mẹ́fà, yìnyín ló wà lówó pọ́ọ́kú. Mo ti gbọ́.

Nínú gbogbo ẹrù tí o kà sílẹ̀ fún mi, ṣọ́bìrì ni kò jẹ́ kí n sùn. Ta ní í gbé ṣọ́bìrì lọ síbi ìgbádùn? Nílùú yìí, bí a bá rí ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n kó ṣọ́bìrì lọ́wọ́, ńṣe la máa ń bi wọ́n pé ta ló kú. O ní kí n fara balẹ̀, pé bí yìnyín bá bo ẹnì kan, àwọn yòókù ni wọ́n á fi gbẹ́ ẹ jáde. O tún ní ẹ̀rọ kékeré kan wà tí ẹ máa so mọ́ àyà, tó máa ń han gooro láti sọ ibi tí ẹni náà wà lábẹ́ ilẹ̀. O ṣeun, ọkọ mi. Ara mi ti balẹ̀ pátápátá.

Ìgbà tó yá ni o ní kí n fi orúkọ mi ránṣẹ́ bó ṣe wà lórí káàdì ìdìbò, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù mi, kí wọ́n lè pè mí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí ọ, o sì fi fọ́ọ̀mù àwọn tó ń háyà ọ̀kadà ránṣẹ́ kí n lè mọ̀ pé kì í ṣe àwọn oníjìbìtì. Ibẹ̀ lo ti ṣì í. Lazarus jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ mi, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní wọ́n ní bí o bá fara pa, bí yìnyín bá bò ọ́, bí o bá forí sọ igi, àní bí ọ̀kadà wọn bá tilẹ̀ kú mọ́ ọ lábẹ́, ìwọ àti ẹbí rẹ kò gbọdọ̀ bi wọ́n ní nǹkan kan. Mo ní kó tún un kà, ó tún un kà, kò yí padà. Ìwé kejì wà lábẹ́ rẹ̀ tí ẹ máa san owó lé lórí, wọ́n ní ìnṣọ́ránsì ni, pé bí ọ̀kadà bá fọ́, ẹnì kan á tún un ṣe. Ó yé mi wàyí. Ọ̀kadà ní ẹni tó máa bèèrè rẹ̀, ọmọ mi ni kò ní.

Wò ó, wọ́n dárúkọ ẹbí nínú ìwé yẹn. Nígbà tí wọ́n ti dárúkọ ẹbí, a jẹ́ pé ẹbí ni wọ́n kọ ọ́ sí, ẹbí tí wọ́n bá sì kọ ìwé sí tí kò fèsì, ẹbí wo nìyẹn? Mo gbé e lọ bá Bàbá Gàníyù tó jẹ́ olórí ẹbí wa. Wọ́n pe ilé jọ lọ́jọ́ Àìkú, ènìyàn mẹ́tàdínlógún ló wá, Lazarus túmọ̀ rẹ̀ fún gbogbo ilé. Bàbá Gàníyù gbọ́ ọ tán, wọ́n ní ó ti yé àwọn, pé ìwé ìtọrọ ni, pé ọmọ ni wọ́n ń tọrọ lọ́wọ́ wa. Wọ́n ní kò sí aburú ńbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń tọrọ ọmọ á sọ ilé tó ti wá, á sì sọ bó ṣe máa tọ́jú rẹ̀.

La bá fèsì. A kí wọn, a kí àwọn ará ilé wọn, a ní a ti rí ìwé wọn, inú wa sì dùn pé ọmọ wa wù wọ́n. A wá bi wọ́n pé ta ni olórí ẹbí tiwọn, ta ló máa ṣáájú Súnkànmí lójú ọ̀nà, ṣé onítọ̀hún ní aya àti ọmọ, ṣé ọ̀kadà yẹn ti pa ẹnikẹ́ni nínú ilé wọn rí. A ní ní ti pé kí a má bèèrè, a ò gbà o, a máa bèèrè. Ènìyàn mọ́kànlá tẹ ìka sí i. Lazarus sọ ọ́ di òyìnbó, ó ya á ní fọ́tò, ó fi í ránṣẹ́ sí àdírẹ́ẹ̀sì tó wà nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù.

Ọjọ́ kejì ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Nicole dá wa lóhùn. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni, ó kí gbogbo wa. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń bá wọn ṣiṣẹ́, òun kò rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá Gàníyù ní ẹ ò rí i pé àwọn ẹbí yòókù kò bìkítà. Nicole ní ọkùnrin tó máa ṣáájú yín ti ń ṣe é láti ọdún mọ́kàndínlógún, ó sì ti bí ọmọ mẹ́ta. Inú wa dùn sí ti àwọn ọmọ yẹn. Ó wá ní ṣùgbọ́n òun máa dá orúkọ rẹ dúró ná, nítorí ẹni tí o ní kí wọ́n pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ kò fara mọ́ ọn, kí o fi orúkọ ẹlòmíràn sí i kí o sì tún ọwọ́ bọ ìwé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn yóò dá owó rẹ padà. Ọjọ́ yẹn lo bú mi lórí WhatsApp.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ohùn yẹn. Lákọ̀ọ́kọ́ inú bí mi, mo pa á kó tó parí. Lẹ́ẹ̀kejì, mo rẹ́rìn-ín nígbà tí o ní Bàbá Gàníyù fẹ́ gba owó orí rẹ lọ́wọ́ àwọn òyìnbó. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo tó gbọ́ ìparí rẹ̀. O ní, Màmá, ọdún mẹ́fà ni mo ti ń gbé àwọn arúgbó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, mò ń nu ìdí wọn, mò ń pa ojú wọn dé tí wọ́n bá kú, mi ò tíì ṣe ohun kan rí nílùú yìí tó jẹ́ pé ó kàn wù mí ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, ariwo ọkọ̀ ojú irin nìkan ni mò ń gbọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Mo máa ń sọ fún àwọn ènìyàn pé ọmọ mi ń gbádùn ní Amẹ́ríkà, mi ò bi ọ́ rí bóyá òótọ́ ni.

Bí mo ṣe pariwo tó yẹn, kì í ṣe ti yìnyín. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ti fi orúkọ mi sí irú ìlà yẹn rí, ìlà ẹni tí wọ́n á pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Fọ́ọ̀mù iṣẹ́ bàbá rẹ ni, ní kánsù. Ó dé ilé lọ́jọ́ yẹn, ó ń yọ̀, ó ní òun ti fi nọ́ńbà ìyàwó òun síbẹ̀, èmi náà yọ̀. Ìgbà tí ọkọ̀ wọn gbókìtì lọ́nà Ìṣẹ́yìn, nọ́ńbà yẹn ni wọ́n pè. Ata ni mò ń lọ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó pè mí kò mọ̀ mí, ó ní ṣé èmi ni Elizabeth Oyèlárán. Láti ọjọ́ yẹn, bí nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ bá pè mí, mo máa ń pa ẹ̀rọ, mo sì máa ń jókòó kí n tó gbé e. Mi ò sọ fún ọ rí, ọmọdé ni ọ́ nígbà náà.

Nítorí náà, máa lọ. Èmi ìyá rẹ ló sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá Gàníyù kò tíì gbà, wọ́n ṣì ń retí kí ẹbí Nicole wá fojú hàn, ṣùgbọ́n màá bá wọn sọ ọ́. Wọ ṣòkòtò méjì lábẹ́ òkìrìkà yẹn. Jẹ́ kí Ọlá kọ́kọ́ gùn ún, ìwọ máa wò ó. Bí nǹkan bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ, fi owó bẹ́líìtì ránṣẹ́ sí mi, B75 ni nọ́ńbà rẹ̀, Ṣakí ni wọ́n ti ń tà á, má lọ rà á lọ́hùn-ún kó wá wọ́n ju ẹ̀rọ lọ. Ọlọ́run á ṣáájú rẹ ju ọlọ́mọ mẹ́ta yẹn lọ. Ilẹ̀ tí o bá tẹ̀ kò ní í yẹ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ ara rẹ lo fi lọ, ẹsẹ̀ ara rẹ ni wàá fi bọ̀, ayọ̀ rẹ kò sì ní í di ẹkún.

Ṣùgbọ́n fa igi lé nọ́ńbà mi lórí fọ́ọ̀mù yẹn. Fi ti Motúnráyọ̀ síbẹ̀, mo ti bẹ̀ ẹ́, ó sì gbà. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè mí nítorí rẹ, bó ti wù kí ó mọ ènìyàn kí tó. Bí o bá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà yẹn, ìwọ gan-an ni kí o pè mí. Bí òtútù bá sì ti mú ìka rẹ gan, fi imú tẹ fóònù.

Èmi ni ìyá rẹ,
Elizabeth Oyèlárán