Àmín Tí Mi Ò Tíì Gbọ́

Àbúrò mi, àbígbẹ̀yìn ìyá mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa, mo kí àwọn ọmọ. Orúnkún ọkọ mi ti sàn díẹ̀. Ó ti ń dá gun àtẹ̀gùn. Mo pààrọ̀ bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ó wá ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ̀wé rèé. Àwọn tó ni ìkànnì tún ti pa àdúrà àárọ̀ wa rẹ́, èyí tí mò ń fi ohùn sọ sínú ẹgbẹ́ ìdílé wa lórí fóònù. Wọ́n ní orúkọ Jésù lòdì sí òfin àwọn, pé ẹnì kan ló fẹjọ́ sùn. Àwa mẹ́ta péré la wà níbẹ̀! Ọkọ mi ò sì lè fi fóònù pe èèyàn láìkọ́kọ́ wá awò ojú rẹ̀ kiri. Ó wá ku ìwọ.

Ọjọ́ kejì ni ọ̀rọ̀ rẹ wọlé: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá àdúrà yẹn dúró. Wọ́n ń yẹ fóònù wa wò níbi iṣẹ́.” Ṣé ìwọ lo kọ ọ́, àbí ẹlòmíì ló di fóònù rẹ mú? Bó bá jẹ́ ìwọ, mi ò ní bá ọ jà. Àmọ́ mi ò ní dákẹ́. Kì í ṣe àwọn ló kú fún mi.

O mọ̀ pé nílé wa, àbígbẹ̀yìn ló ń ṣe Àmín ìkẹyìn. Bí kò bá tíì ṣe é, a kì í dìde. Fi ọwọ́ ara rẹ kọ Àmín náà sínú ìwé ránṣẹ́. Mo mọ ìkọ̀wé rẹ. Jésù á pa ọ́ mọ́.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ, tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.