Ọrùn Dróònù Tí Mo Fi Rán Awakọ̀

Ilé Aláago,
Ìsàlẹ̀ Mápó, Ọjà'ba,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ Àlàmísì.

Abdulmumin ọmọ mi,

Àsàláàmù àlékúmù. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé Èkó ò fi ojú pọ́n ọ? Àwa náà wà láàyè, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run Ọba. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní ẹsẹ̀ òun ti fúyẹ́ díẹ̀, ewúrẹ́ rẹ̀ sì ti bí ìbejì. A ò ní gbọ́ ìròyìn burúkú nípa ara wa o. Ìdíkọ̀ Ìwó Road ni mo jókòó sí tí mo ń kọ ìwé yìí lórí itan. Olúwafẹ́mi, awakọ̀ tí yóò gbé ẹrù yìí wá fún ọ, ní ó ku èrò mẹ́ta kí ọkọ̀ òun kún, nítorí náà bí o bá rí i pé ìkọ̀wé mi rí wúruwùru, má bínú, ojú ló ń kán mi.

Ọrùn dróònù tí o ní kí n fi ránṣẹ́, èyí tó gbé kámẹ́rà rẹ̀ dání tí ẹ ń pè ní gímbà, òun ló wà nínú agolo mílíìkì yìí, mo fi òwú tẹ́ ẹ nísàlẹ̀, mo sì fi òwú bò ó. Láti ìgbà tí o ti sọ pé wáyà pẹlẹbẹ inú ọrùn dróònù oníbàárà rẹ já, pé kò sẹ́ni tó ní i tà ní gbogbo Èkó, pé tí Ṣáínà yóò gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àti pé oníbàárà náà ní bí òun kò bá rí dróònù òun fò lọ́la Jímọ̀, òun á kó ọlọ́pàá wá bá ọ ní ṣọ́ọ̀bù, oúnjẹ ò lọ lẹ́nu èmi àti ìyá rẹ mọ́.

O ní kí n tú ọrùn ti dróònù tó ti kú, èyí tó wà nínú àpótí irin lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ nílé níbí. Èyí yé mi. Ogójì ọdún ni mo ti ń fi òkú aago wo alààyè sàn. Àmọ́ òkú dróònù yẹn kì í ṣe tìẹ, ti Gàfárù ni, ayafọ́tò Ọ̀rányàn tí tirẹ̀ já sínú omi Ògùnpa, tí o sọ fún un pé kò ṣeé tún ṣe mọ́. O mọ òfin ilé wa. Aago oníbàárà ìbáà sùn fọ́dún mẹ́wàá nínú àpótí mi, n kì í yọ nǹkan lára rẹ̀ láìbéèrè. Àmáánà ni, ohun tí wọ́n fi sí wa níkàáwọ́. Mo bá kọ ọ́ sórí fóònù sí ọ pé n ó kọ́kọ́ lọ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ Gàfárù, mo wá dúró dè ọ́.

Gbogbo ìgbà tí mo bá kọ̀wé sí ọ lórí fóònù, o máa ń máàkì í lẹ́ẹ̀mejì, bí o bá sì kà á tán, o máa ń fi báírò aláwọ̀ aró tẹ̀ ẹ́ bí i tíṣà. Lọ́tẹ̀ yìí, máàkì kan ṣoṣo ni mo rí. Mo sọ fún ìyá rẹ pé, ó kúkú ti fún mi ní ìdajì, ìyẹn ni pé ó gbà kí n lọ. Mo gba Ọ̀rányàn lọ. Ìgbà tí mo padà dé ni Karimat àbúrò rẹ sọ fún mi pé máàkì kan túmọ̀ sí pé o ò tíì rí ìwé náà rárá. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Nítorí bí Gàfárù ṣe gbọ́ pé ẹnìkan ń wá ọrùn dróònù òun, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní ṣebí o ti ní kò wúlò mọ́, kí ló dé tó fi wá wúlò báyìí? Òwúrọ̀ òní ló gun ọ̀kadà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní òun wá kó ẹrù òun. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́, mo bá gbé dróònù náà jáde fún un. Ó wá na ọwọ́ sí aago bàbá rẹ̀ tó ti wà lórí tábìlì mi fún ọdún mẹ́ta. Ó ní èmi náà ní kò sí páàtì, ìwọ náà ní kò sí páàtì, àtèmi àtìwọ, ọ̀kan náà ni wá, oníjìbìtì ni wá.

Mumin, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Ohun tó jẹ́ kó dùn mí ni pé apá kan rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Èmi àti bàbá rẹ̀ la jọ lọ Mẹ́kà, ọjọ́ kan náà la jọ ra aago méjèèjì ní Jẹ́dà, oríṣi kan náà ni wọ́n. Kẹ̀kẹ́ kékeré tó ń mì síwá sẹ́yìn ló bàjẹ́ nínú tirẹ̀. Páàtì tí mo sọ pé kò sí, ọrùn ọwọ́ mi ló wà ní gbogbo ọdún mẹ́ta. Mo mọ̀, n kò kàn fẹ́ mọ̀ ni.

Mo bá bọ́ aago mi, mo tú u lójú rẹ̀, mo yọ kẹ̀kẹ́ inú rẹ̀ sínú ti bàbá rẹ̀. Nígbà tí ti bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ó gbé e sétí. Lẹ́yìn náà ló ti dróònù sọ́dọ̀ mi, ó ní kí n yọ ohun tí mo bá fẹ́, pé kí Ọlọ́run forí ji bàbá òun.

Èrò méjì ti wọlé, ó ku ẹyọ kan. Mo tú rọ́bà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó so ọrùn náà mọ́ ara dróònù bí o ṣe wí, mo mú èémí dúró, wáyà pẹlẹbẹ yẹn tín-ín-rín bí awọ àlùbọ́sà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i pé orí rẹ̀ ń mì jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀, mo fẹ́ fi wáyà dè é kó le, àfi bí mo ṣe rántí pé o ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, bí ẹni ru omi, tí ara ń mì tí ìkòkò ò mì. Ìyá rẹ fi gèlè bò ó lójú, ó ní kámẹ́rà náà ń wo òun. Àmọ́ mo gbọ́ tó dún "ta" nígbà tí mo ń yọ ọ́. N kò mọ̀ bóyá wáyà ni tàbí oríkèé ọwọ́ mi. Bó bá jẹ́ wáyà ló já, èmi ni mo ṣẹ̀ ọ́, má fi pamọ́ fún mi.

Jọ̀ọ́, bí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀, fi owó bátìrì aago ara ògiri ránṣẹ́, kí n lè máa mọ àsìkò ìrun. Má ra aago ọwọ́ fún mi o, tèmi ṣì ń bọ̀ wá rí páàtì. Lẹ́ẹ̀kan, mo bi Olúwafẹ́mi pé aago mélòó ló lù, ó wò mí títí, ó ní Bàbá Aláago, ṣé ẹ̀yin lẹ wá ń bi mí?

Ọlọ́run ò ní dójú tì ọ́ lọ́la. Ọwọ́ rẹ ò ní gbọ̀n, ohun tí o bá tún ṣe ò ní padà bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, ọlọ́pàá ò ní mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ. Àmín.

Èrò ìkẹyìn ti wọlé. Bó bá ti fò, jọ̀wọ́ kọ̀wé sí mi. Bí o ò bá ráyè kọ̀wé, sá máàkì èyí tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ lánàá. Mo gbé fóònù dání, máàkì kan ṣoṣo yẹn ló ṣì wà níbẹ̀.

Èmi bàbá rẹ,
Màmúdù Aláago.