Ẹ̀rọ Tó Ń Gbàgbé

Ọjọ́rú, Àgùdà

Lọ́sàn-án, mò ń yẹ ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa oògùn sí aláìsàn lára wò, mo sì rí àṣìṣe. Bí iná bá lọ tó sì dé, ẹ̀rọ náà á gbàgbé iye tó ti fà, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, oògùn á sì pọ̀ jù lára aláìsàn.

Mo pe Ẹ̀gbọ́n Wálé tó ṣe ẹ̀rọ náà. "Ẹ má tíì tà á o."

"A ti tà á. Orí ìwé lásán ni ohun tí o rí yẹn. Ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ rí?"

"Ó máa ṣẹlẹ̀, sà."

Ó pa fóònù.

Mo pe Bísí, àbúrò mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, mo sọ ti ẹ̀rọ náà fún un.

"Àǹtí mi, irú ẹ̀ ti dé wọ́ọ̀dù wa. Ẹ dúró ná, wọ́n ti múná lọ."

"Yọ ọ́ lára àwọn aláìsàn kíná tó dé!"

Fóònù ti já. Mo ń pe Bísí, kò gbé e mọ́ látìgbà yẹn.