Ìbọn Abẹ́ Pákó

Shigeo àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ ní Brasil. Yìnyín ti sé wa mọ́lé. Mo ti rẹ ewébẹ̀ ìgbà òtútù sínú iyọ̀. Orúnkún ń dun bàbá, àmọ́ ó ń jẹun.

Ohun tó mú mi kọ̀wé nìyí. Bàbá gbé ìbọn sójà kan jáde lábẹ́ pákó ilẹ̀ yàrá rẹ̀. Ó ń fi ọparun ha ìpẹtà rẹ̀, ó sì ń fi òróró tí mo fi ń pa irun nù ún. Òdòdó tó jẹ́ àmì ọba wa ṣì wà lára irin rẹ̀. Àwọn ìbọn tí àwọn sójà kó sílẹ̀ lẹ́yìn ogun, wọ́n ti ha òdòdó tiwọn dànù. Nígbà tó tú igi ìdí rẹ̀, a rí orúkọ tí wọ́n fi ọ̀bẹ gbẹ́ sínú: Moriyasu, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò ti ojú ogun bọ̀.

Mo ní, “Bàbá, òfin ò gbà á. Ẹ jẹ́ ká gbé e fún ọlọ́pàá.”

“Ṣé Moriyasu lo ní kí n gbé fún wọn?”

Nezu, ọlọ́pàá abúlé wa, sì ń wá bá bàbá ta ayò ṣógì lórí pákó yẹn gan-an. Lánàá, mo da tíì sílẹ̀ níbi tí mo ti ń bù ú fún un.

Ó rẹ́rìn-ín. “Àǹtí Kinue, ṣé èmi lẹ ń bẹ̀rù ni?”

Bàbá ò gbójú sókè. “Òtútù ni. Ta tìẹ.”

Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo fa bàbá lé wọn lọ́wọ́. Bí mo bá dákẹ́, èmi náà jẹ̀bi. Jọ̀ọ́, kọ̀wé fi pàrọwà sí bàbá, ìwọ ló ń gbọ́ tìẹ. Ọlọ́run á ṣọ́ gbogbo yín.

Àmọ́ má dárúkọ ìbọn o. Ojú bàbá ò ríwèé kà mọ́, Nezu ló sì ń ní kó ka lẹ́tà rẹ fóun.

Kinue, ẹ̀gbọ́n rẹ