Ìyálé Onítáńkì

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹsàn-án

Ìwé tuntun. Èyí tó ṣáájú ti kún, ó yẹ kí n fi gbogbo wa han èyí náà kó má baà máa wò mí bí àlejò.

Ìyálé: kọ́ńpírẹ́sọ̀ ṣọ́ọ̀bù wa, òun ló ń fún ìbọn ọ̀dà ní atẹ́gùn. Mo bá a nílé ni. Ọkọ mi ti rà á kó tó mọ̀ mí, àràárọ̀ ló sì máa ń fi àkísà nù ún lára. Kò nu èmi rí. Ọ̀gá: ọkọ mi náà nìyẹn, tó lọ ń kun ọkọ̀ ojú omi lókè òkun láti ọdún tó kọjá. Akọ̀wé: àbúrò rẹ̀, káfíńtà wa. Kò kọ nǹkan kan rí ju ìwọ̀n pákó lọ, ṣùgbọ́n mi ò lè pe àbúrò ọkọ lórúkọ. Èmi: mò ń kun ohun tí Akọ̀wé bá kàn.

Lẹ́nu, ‘ẹ’ ni mò ń fún Ọ̀gá. Nínú ìwé yìí, ‘ó’ tó o. Ẹni tí ò sí nílé ò lè bínú.

Mo yọ omi ìdí táńkì láàárọ̀ kí n tó tan iná. Omi pupa, ó sì pọ̀ ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Mo fa òrùka fáàfù bí Ọ̀gá ṣe kọ́ mi — gbogbo ọjọ́ Ajé, tí atẹ́gùn bá ti wọ táńkì díẹ̀, fa òrùka yẹn. Tó bá mí fìì, ó yè. Tí kò bá mí, paná kó o wá ẹni tó máa tún un ṣe. Ibẹ̀ ni àpọ̀jù atẹ́gùn ń gbà jáde. Ó mí. Ṣùgbọ́n kò padé dáadáa mọ́. Ó ń jò díẹ̀díẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kẹsàn-án

Àárò Ọ̀gá ń sọ mí. Kò sí nǹkan míì lónìí.

Ọjọ́bọ̀, 5 Oṣù Kẹsàn-án

Ilẹ̀kùn òtẹ́ẹ̀lì dé ọwọ́ mi. Wọ́n to ara wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí ẹni tó ń dúró de dókítà. Ìyálé ò sinmi látàárọ̀ — fáàfù ń jò, táńkì ò tètè kún, ẹ̀rọ ń lọ ṣáá. Akọ̀wé ní ariwo yẹn ti wọ òun lọ́pọlọ, kí n jẹ́ kóun wá nǹkan ṣe sí i. Mo ní ká ra fáàfù tuntun. Ó ní, “Ìyàwó wa, ẹ̀yin náà ẹ máa ń bẹ̀rù jù.” Mo padà sídìí ilẹ̀kùn. Iṣẹ́ wà nílẹ̀.

Ohun tó ń ṣe mí ni pé nígbà tí Ìyálé bá dákẹ́ nígbẹ̀yìn, tí ṣọ́ọ̀bù bá pa rọ́rọ́, mo ṣì máa ń retí pé ẹnì kan máa wúkọ́ lẹ́yìn mi. Ọ̀gá kì í lè mọ́wọ́ kúrò níbi ọ̀dà láìwúkọ́. Lónìí mo yíjú padà. Mo yíjú padà ní tòótọ́! Akọ̀wé ní ta lẹ̀ ń wò. Mo ní eṣinṣin.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Oṣù Kẹsàn-án

Ìyálé ti dákẹ́ jẹ́jẹ́. Akọ̀wé ní òun ti tún un ṣe. Inú mi dùn, mi ò tiẹ̀ béèrè bó ṣe ṣe é. Mo kun ilẹ̀kùn, ọ̀dà ń dán gbinrin.

Ọjọ́ Àìkú, 8 Oṣù Kẹsàn-án

Ọ̀gá pè, bó ṣe máa ń pè ní gbogbo Sọ́ńdè. A ò tíì kí ara wa tán tó fi ní, “Ìyálé ńkọ́?”

Mo ní ó wà dáadáa. Ó ní ṣé ọ́ìlì dé ojú àmì. Mo ní ó dé ojú àmì. Bẹ́líìtì ńkọ́, ṣé irin tó bò ó ṣì wà níbẹ̀, kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́ o, ìka èèyàn ni bẹ́líìtì máa ń jẹ. Asẹ́ ńkọ́, ṣé mò ń gbọn eruku rẹ̀. Mò ń gbọ̀n ọ́n. Mò ń dáhùn bí ọmọ iléèwé. Mò ń fetí sí ohùn rẹ̀, kì í ṣe sí ohun tó ń sọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu mi jálẹ̀: ẹ máa bọ̀ wálé. Mi ò sọ ọ́. Mi ò ní sọ ọ́. Ọjọ́ tó ń lọ, ìyá ọkọ mi ti kì mí nílọ̀ pé ìyàwó tó bá ń pe ọkọ rẹ̀ padà lẹ́nu iṣẹ́, ebi ló ń pè wálé. Tí Ọ̀gá fúnra rẹ̀ bá fẹ́ wá, ṣebí ó mọ ọ̀nà. Ó ní òun ń bọ̀ láìpẹ́. Bó ṣe máa ń wí náà nìyẹn. Ojú lọ̀rọ̀ wà, fóònù ò sì lójú.

Ọjọ́ Ajé, 9 Oṣù Kẹsàn-án



Mo pẹ́ dé ṣọ́ọ̀bù, Akọ̀wé ti tan Ìyálé kí n tó débẹ̀. Mo wọ ìbòmú, mo mú ìbọn, mò ń kun. Nígbà tó yá mo ṣàkíyèsí pé mo ti ń tún ilẹ̀kùn tò fún ìgbà díẹ̀, mi ò fọn ọ̀dà, síbẹ̀ ẹ̀rọ ò dákẹ́. Ó yẹ kó ti kú fúnra rẹ̀ tí táńkì bá ti kún. Mo wo géèjì tó ń wọn atẹ́gùn. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti kọjá àmì pupa. Mo na ọwọ́ sí òrùka fáàfù — kò sí òrùka. Bóòtù ló wà níbẹ̀! Akọ̀wé ti yọ fáàfù tó ń jò kúrò, ó fi bóòtù dí ihò náà pa, ó fún un le bí ẹni tó ń ti ilé nítorí olè. Súwíìsì tó yẹ kó paná fúnra rẹ̀ sì ti gan.

Mi ò fọwọ́ kan bóòtù yẹn. Mo sáré paná lára ògiri. Mo ké sí Akọ̀wé kó jáde, kó fi pákó sílẹ̀, kó jáde! Ìbọn ọ̀dà wà lọ́wọ́ mi, họ́ọ̀sì rẹ̀ gùn. Mo fà á gba ẹnu ọ̀nà, mo lóṣòó sẹ́yìn ògiri bíríkì níta, mo fún ìbọn mọ́ ọwọ́, kí atẹ́gùn máa gba ibẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀. Ó ń fẹ́, ó ń fẹ́, mo rò pé kò ní tán láé. Àwọn tó ń kọjá ń wò mí, obìnrin tó lóṣòó tó ń yìnbọn sójú afẹ́fẹ́. Ohun tí mò ń rò ni pé, bí mo bá kú síbí, Sọ́ńdè tó ń bọ̀ ta ló máa gbé fóònù?

Nígbà tí géèjì padà sódo, mo bú Akọ̀wé. Mo bú u débi tí mo fi kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà, àbúrò ọkọ, ọkọ ni. Òun náà ń bẹ̀ mí. Ó ní òun ṣáà fẹ́ kí ariwo yẹn dúró ni.

Ọjọ́rú, 11 Oṣù Kẹsàn-án

Bàbá Wẹ́dà, ajórin, wá láti òpin òpópónà wa. Mo rò pé fáàfù àti súwíìsì nìkan ló máa pààrọ̀. Ó mú òòlù kékeré, ó ń kan Ìyálé lára. Lókè, ó dún kan-kan. Lábẹ́ ikùn, níbi tí omi máa ń dá sí, ó dún pọ̀-pọ̀. Ó mi orí. Ó ní, “Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run.” Ó ní ìpẹtà ti jẹ ẹ́ látinú, ọ̀dà ìta ló ń tàn wá.

Akọ̀wé ní kí wọ́n bá wa lẹ̀ ẹ́. Bàbá kọ̀. Ó ní, “Mo lè jó géètì, mo lè jó bẹ́ẹ̀dì. Èyí kọ́. Tí mo bá lẹ ìta, ṣé inú máa dẹ́kun jíjẹ ni? Ọjọ́ tó bá máa bẹ́, kò ní pe ẹnikẹ́ni lórúkọ kó tó bẹ́.” Ó ní ká tú orí ẹ̀rọ kúrò, ìyẹn ṣì dára, ó máa jókòó sórí táńkì tuntun. Táńkì yìí ní tirẹ̀, ká lu ú níhò kẹ́nikẹ́ni má baà tún gbé e lò.

Ojú ń tì mí láti kọ èyí. Èmi náà bẹ̀ ẹ́. Èmi tí mo lóṣòó sẹ́yìn ògiri lọ́jọ́ Ajé! Mo ní kí Bàbá ṣáà bá mi lẹ̀ ẹ́ kó lè dúró títí wọ́n á fi dé. Bàbá wò mí. Ó ní, “Ta ló ń bọ̀, ọmọ mi?”

Mo ní ọkọ mi ni, láìpẹ́ ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Oṣù Kẹsàn-án

Mi ò tan Ìyálé. Mi ò lu ú. Mi ò kun nǹkan kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Kẹsàn-án

Kí n sọ òótọ́ fún ìwé, ó kéré tán. Kì í ṣe táńkì ni mò ń ṣọ̀fọ̀. Ìyálé ni Ọ̀gá máa ń béèrè tó bá pè. Tí Ìyálé ò bá sí mọ́, kí ló máa máa béèrè lọ́wọ́ mi? Kí ló kù fún un níbí tó máa padà wá wò?

Ọjọ́ Àìkú, 15 Oṣù Kẹsàn-án

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Ọ̀gá nígbà tó pè. Bóòtù, géèjì, ìpẹtà. Ó ní kí n gbé fóònù fún Akọ̀wé. Mo gbọ́ ariwo rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí mo gbà á padà, ó ní, “Má jẹ́ kí wọ́n lu táńkì yẹn. Fi nǹkan bò ó. Màá fojú ara mi wò ó tí mo bá dé.”

Tí mo bá dé! Ọkàn mi fò. Mo ní ìgbà wo. Ó ní láìpẹ́. Mo fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì wa àtijọ́ bò ó, mo sì jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Oṣù Kẹsàn-án

Mo ti lu ú.

Olótẹ́ẹ̀lì wá pariwo nítorí ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo sìn ín jáde. Nígbà tí mo padà wọlé, aṣọ bẹ́ẹ̀dì ti wà nílẹ̀, Akọ̀wé ti ki wáyà bọ ògiri, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí súwíìsì. Ó ní ìdajì atẹ́gùn péré, ká fi parí ilẹ̀kùn, ṣé ìyẹn náà lè ṣe nǹkan ni? Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó fẹ́ gbà mí lọ́wọ́ ìtìjú ni. Níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé aṣọ ò lè bo ikú. Ohun tó bá ṣì lè gba iná, ẹnì kan máa tan án, tó bá yá èmi náà lè jẹ́ ẹni yẹn.

Mo yọ wáyà. Mo ṣí ìdí táńkì kí atẹ́gùn kankan má ṣẹ́kù. A tú mọ́tò àti orí ẹ̀rọ. Bàbá Wẹ́dà gbé ìlu tó fi ń lu irin wá, mo ní kó fún mi. Irin yẹn ò jà rárá. Abẹ́ ikùn rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí agolo mílíìkì. Mò ń sunkún, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún a máa ń ríran: mo tanná sínú ihò, ìpẹtà ti ṣí pẹ́lẹ́bẹ́ pẹ́lẹ́bẹ́ bí èèpá ìdí ìkòkò. Èyí tí mò ń nù lára láràárọ̀ láti ìgbà tí Ọ̀gá ti lọ nìyẹn. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí Ọ̀gá kí n tó rò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Akọ̀wé ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Mi ò rẹ́rìn-ín. Ó tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, mo wá rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 Oṣù Kẹsàn-án

Ọ̀gá ti rí fọ́tò. Kò fèsì. Búrọ́ọ̀ṣì ni mo fi ń parí ilẹ̀kùn, apá ń ro mí.

Ọjọ́ Àìkú, 22 Oṣù Kẹsàn-án

Ó pè. A kí ara wa. Kò béèrè Ìyálé. Mo gbọ́ tí wọ́n ń kan irin lẹ́yìn rẹ̀ níbẹ̀. Kò bínú. Ó ní òun rí inú táńkì, pé mo ṣe dáadáa. 

Ó wá ní ibi iṣẹ́ ti gbé ìwé àdéhùn síwájú òun pé kí òun tún fi ọdún méjì kún un. Ọ̀la ni wọ́n ń retí ìdáhùn. “Kí lo rí sí i?”

Ọ̀rọ̀ ìyàwó rere ti wà létè mi, èyí tí mo ti máa ń sọ: iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, a wà dáadáa. Mo la ẹnu láti sọ ọ́.

Mo ní, “Ẹ máa bọ̀ wálé.”

Lẹ́yìn ìyẹn kò ṣeé dá dúró mọ́. Mo ní mo ti kun ilẹ̀kùn títí, ọkọ ẹlòmíì ló ń gbà á wọlé. Mo ní mi ò fẹ́ ọdún méjì, mi ò fẹ́ oṣù méjì. Mo ní bí ebi bá ń bọ̀, kó bá àwa méjèèjì nínú ilé. Mo sọkún sí i létí.

 Ó wá ní gbogbo Sọ́ńdè lòun fi ń retí kí n sọ ọ́. Ó ní bí mo ṣe máa ń dáhùn pé gbogbo nǹkan wà dáadáa, òun ti gbà pé mi ò fẹ́ kóun padà, ìdí nìyẹn tóun fi ń béèrè ẹ̀rọ.  Ó ní òun ò ní fọwọ́ sí ìwé náà, ṣùgbọ́n òun ò mọ ohun tí olórí iṣẹ́ wọn máa wí lọ́la, òun ò sì mọ bóyá wọ́n á jẹ́ kóun lọ.

Èmi náà ò mọ̀. Mi ò béèrè ọjọ́. Ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi.